Wọ́n já iná bóhóòlù ilé wa, kíátékà ní ká san gbèsè tí a ò jẹ. Kí la lè ṣe? (Ágríìkì, Ìkòròdú)

Ìyá Ìbejì Ágríìkì (Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ọgbà wa, bóhóòlù kan ṣoṣo la jọ ń lò. Onílé kì í gbé Èkó, kíátékà ló ń bá wa ṣe gbogbo nǹkan. Oṣooṣù ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń kó ₦3,000 lé e lọ́wọ́, owó iná pọ́ńpù ló ń jẹ́. Iná pọ́ńpù yìí ò sí lórí mítà ẹnikẹ́ni nínú wa. Wáyà tirẹ̀ dá wà, bíìlì ni wọ́n sì ń mú wá fún un, kì í ṣe káàdì là ń rà sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá làwọn oníná gun òpó, wọ́n já wáyà ọ̀hún. Wọ́n ní gbèsè orí ẹ̀ ti pọ̀ jù. Látìgbà náà, ẹ̀kán omi ò jáde ní táàpù wa. Kíátékà wá pè wá jọ, ó ní kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan lọ mú ₦85,000 wá, pé gbèsè náà ti ń gorí ara wọn láti 2019. Èmi ò tíì pé ọdún méjì nínú ilé yìí. Tọkọtaya tó wà lókè mi, wọn ò tíì lo oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo ní kó fi bíìlì náà hàn wá, ó ní ẹni tí kò bá lè san kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Àwọn ìbejì mi ò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ìkókó méjì pọ̀ rí mọ bí omi ṣe ń lọ lójúmọ́. Méèrúwà ló ń gbé wa ró báyìí, owó ẹ̀ sì ti ń wọnú owó oúnjẹ. Ṣé ká san ni? Ṣé òfin kankan wà tó gba ayálégbé sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi?

Ọmọ Ìpàkodò (Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ má san kọ́bọ̀. Tẹ́ṣàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kí wọ́n ti kíátékà yẹn mọ́lé kó tó jẹ́wọ́ ibi tó ń kówó yín sí. Irú wọn ò gbọ́ èdè míì.

Lọ́yà Ìjẹ̀dé (Ọjọ́ Ajé, 7:41 àárọ̀)

Àbúrò mi Ìpàkodò, inú ló ń bí ẹ, mo sì mọ ìdí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ò dáa. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Bẹ́ ẹ bá fi ọlọ́pàá lé kíátékà lónìí lórí owó, onílé náà lè fi lé yín lọ́jọ́ tí owó ilé bá pẹ́. Ohun tó yẹ ká torí ẹ̀ pe ọlọ́pàá ni tí wọ́n bá fẹ́ lù yín, tàbí tí wọ́n bá wá ń kó ẹrù yín síta.

Ìyá Ìbejì, òfin wà. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ni kẹ́ ẹ dì mú. Abala kẹjọ ló to ojúṣe onílé: kò gbọdọ̀ dí ayálégbé lọ́wọ́ láti gbé ilé tó sanwó fún ní àlàáfíà, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò dúró tàbí kó dín in kù. Bóhóòlù tí fúláàtì mẹ́fà ń pọn nínú ẹ̀, ohun ìlò gbogbo ilé ni.

Abala kẹwàá tún kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí onílé tàbí aṣojú ẹ̀ bá ń gba owó míì lẹ́yìn owó ilé, ó gbọ́dọ̀ já rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Torí náà, bẹ́ ẹ ṣe ní kó fi bíìlì hàn yín yẹn, ẹ̀tọ́ yín lẹ béèrè.

Ní ti "ẹ palẹ̀ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí": bó bá jẹ́ ọdọọdún lẹ̀ ń san owó ilé, tí ìwé àdéhùn yín ò sì sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni òfin ní kí wọ́n fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, nótíìsì ọjọ́ méje ló kù, kó tó di pé wọ́n lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè lé yín jáde. Ẹni tó bá ń halẹ̀ mọ́ ayálégbé tàbí tó fẹ́ fi tipátipá lé e, abala 44 fi ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà dè é.

Ẹ sọ fún wa: orúkọ ta ló wà lórí bíìlì yẹn? Ṣé kíátékà ti já rìsíìtì fún yín rí?

Ẹ̀gbọ́n Ìta Ẹlẹ́wà (Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀)

Lọ́yà, ẹ ṣeun, Sà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé òfin yẹn ò ká gbogbo Èkó. Ṣé ó dé Ìkòròdú ṣá?

Lọ́yà Ìjẹ̀dé (Ọjọ́ Ajé, 8:22 àárọ̀)

Ó dé Ìkòròdú. Ibi mẹ́rin ni wọ́n yọ sílẹ̀: Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Àtẹni tó wà ní Ágríìkì, àtẹni tó wà ní Ìmọ̀tà tàbí Bàyẹ̀kú, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Bàbá Onílé Ọ̀dọ̀gùnyàn (Ọjọ́ Ajé, 9:03 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa onílé, torí ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń gbọ́ láti àárọ̀.

Fúláàtì mẹ́rin ló wà nílé mi. Èmi ni mo gbẹ́ bóhóòlù, èmi ni mo ra pọ́ńpù, nígbà tó jóná, èmi náà ni mo tún un rà. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ò ju pé kí wọ́n máa dáwó iná ẹ̀ lọ. Ẹnì kan nínú wọn ní òun kì í sí nílé lọ́sàn-án, pé omi tóun ń lò ò tó nǹkan, òun ò san. Nígbà tó yá, àwọn yòókù ní bí tọ̀hún ò bá san, àwọn náà ò san mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo pè wọ́n sípàdé, wọn ò dáhùn. Ni mo bá ti fáàfù pa. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi sanwó, títí kan ẹni tí kì í sí nílé.

Mi ò sọ pé kíátékà tiyín jàre. Ẹni tó ń gbowó tí kò fẹ́ fi ìwé hàn, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa sọ pé onílé ò gbọdọ̀ ti omi láé, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó máa ṣe fún alágídí.

Ìyá Wálé Ìbẹ̀ṣẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:48 àárọ̀)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Mo ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Èmi máa ń san tèmi kí oṣù tó parí, rìsíìtì ẹ̀ ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ mi. Nítorí gbèsè ẹlòmíì ni wọ́n ṣe ti omi pa mọ́ gbogbo wa. Ìyá mi tí orúnkún ń dùn ló wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ni mo fi ń gbé omi fún wọn gun òkè kejì, alẹ́ ni mo sì ń ṣe é torí mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè yẹn ti kó ẹbí ẹ̀ lọ sílé àbúrò ẹ̀ ní Sábó. Àwa tá a sanwó ni ìyà jẹ.

Omi ò lọ́tàá, Bàbá mi. Ẹni tó jẹ yín lówó, ẹ mú òun nìkan.

Lọ́yà Ìjẹ̀dé (Ọjọ́ Ajé, 10:10 àárọ̀)

Bàbá Ọ̀dọ̀gùnyàn, ìbéèrè yín tọ́. Ibi tí onílé máa gbé alágídí lọ ni Citizens' Mediation Centre, tá a ń pè ní CMC. Ìjọba Èkó ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ̀wé pe ẹni náà, ẹ máa jókòó síwájú alárinà, bẹ́ ẹ bá sì fẹnu kò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí i. Bí kò bá wá, tàbí tó wá tí kò gbà, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ fún gbèsè náà ní kóòtù Májísíréètì. Fáàfù tẹ́ ẹ tì pa yẹn, Sà, bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ sí kóòtù ṣíwájú yín, ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tó rú òfin, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n jẹ lówó.

CMC yìí kan náà wà fún ayálégbé o, Ìyá Ìbejì. Ẹni tí ò lówó lọ́yà tún lè lọ bá Office of the Public Defender, OPD, àwọn náà kì í gbowó.

Ará Fíláfíà (Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán)

Ìgbógbó ni mo ti wá, Philadelphia l'Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, ó jọ nǹkan tí wọ́n ti ṣòfin lé lórí níbí. Àwọn ilé pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé mítà omi kan ṣoṣo ni gbogbo fúláàtì ní, onílé ló ń san bíìlì ẹ̀. Bí onílé ò bá san, ẹni tí kò jẹ gbèsè ni wọ́n máa gé omi mọ́.

Ní 1978, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣòfin tó dáàbò bo ayálégbé lórí èyí. Kí ilé iṣẹ́ omi, iná tàbí gáàsì tó gé ilé nítorí gbèsè onílé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílé ní nótíìsì ọjọ́ 37, kí wọ́n sì fún àwọn ayálégbé pàápàá ní ọjọ́ 30. Àwọn ayálégbé lè ní kí wọ́n má gé e, bí wọ́n bá san bíìlì ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣíwájú nótíìsì. Gbèsè àtẹ̀yìnwá ò kàn wọ́n, ọrùn onílé ló wà. Owó tí wọ́n bá san, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó ilé, onílé ò sì gbọdọ̀ lé wọn nítorí ẹ̀.

Torí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ san ti oṣù kan péré, kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀.

Lọ́yà Ìjẹ̀dé (Ọjọ́ Ajé, 3:05 ọ̀sán)

Ará Fíláfíà, ẹ ṣeun, òfin tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, ó sì wù mí ká ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ìyá Ìbejì má yọ kọ́bọ̀ nínú owó ilé láìjẹ́ pé onílé gbà bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Pennsylvania nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bó bá dá a yọ, wọ́n lè sọ pé ó jẹ gbèsè owó ilé, ìyẹn á sì fún onílé ní ẹjọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: "Mo gbà kí wọ́n san iye báyìí, kí wọ́n sì yọ ọ́." Ìgbà náà lẹ tó lè fọwọ́ kan owó ilé.

Ìyá Dáyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù (Ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán)

Ní tiwa níbí, wọn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ gé omi ilé tí èèyàn ń gbé nítorí gbèsè rárá, òfin 1999 ló fòpin sí i. Wọ́n lè pè ọ́ lẹ́jọ́, wọ́n lè gba owó wọn díẹ̀díẹ̀, omi á ṣì máa ṣàn. Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dúró tì yín.

Ó Ti Ṣiṣẹ́ Iná Rí (Ọjọ́ Ajé, 6:17 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti bá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe apá Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ ká pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì, torí mo rí i pé ẹ̀ ń pa wọ́n pọ̀. Bí kíátékà bá fọwọ́ ara ẹ̀ ti fáàfù, ti onílé nìyẹn, òfin tí Lọ́yà kà ló bá a wí. Ṣùgbọ́n tiyín, àwọn oníná ló já wáyà. Àwọn yẹn náà ní òfin tó dè wọ́n.

Ẹni tó ń lo iná lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ kí wọ́n tó já iná ẹ̀. Ẹ béèrè pé ta ni wọ́n fún níwèé, nígbà wo? Ẹ̀ẹ̀kejì, níwọ̀n ìgbà tí wáyà pọ́ńpù ò ti ní mítà, ìdíwọ̀n lásán ni bíìlì yẹn. Ẹni tí ò ní mítà, tó sì ń bá wọn jiyàn lórí bíìlì, bíìlì tó kẹ́yìn tí kò ní àríyànjiyàn nínú ló máa san títí wọ́n á fi yanjú èyí tó kù. Ìlànà NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, nìyẹn.

Àti àkáǹtì! Gbèsè iná wà lórí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Bó bá jẹ́ orúkọ onílé, gbèsè onílé ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ayálégbé rọ́pò ẹ̀ o, wọ́n máa ń gbìyànjú ẹ̀.

Ibi tí mi ò ti bá Lọ́yà lọ tán ni ti àkókò. CMC dáa, kóòtù dáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa dá iná padà lọ́la, ìkókó ò sì lè dúró dè é. Ẹ bá ẹ̀ka oníná sọ̀rọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà onílé, kí wọ́n gba díẹ̀, kí wọ́n tan iná náà padà, kí wọ́n pín ìyókù. Mo ti rí i tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun kan tó kù: bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ elétíríkì tó lè gun òpó lóru kó so wáyà náà padà, ẹ lé e. Iná ti pa irú wọn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin.

Ẹ̀gbọ́n Ìta Ẹlẹ́wà (Ọjọ́ Ajé, 6:35 ìrọ̀lẹ́)

Àtúnṣe kékeré: kì í ṣe NERC ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná l'Ékòó mọ́. Èkó ti ṣe òfin iná tirẹ̀ ní 2024, àjọ tirẹ̀, LASERC, ló ti gba iṣẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé sí ẹ̀ka oníná tí wọn ò dáhùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Ó Ti Ṣiṣẹ́ Iná Rí (Ọjọ́ Ajé, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ ni. Ẹ ṣeun.

Púlọ́ńbà Sábó (Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó pọ́ńpù yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Súmọ̀, ìyẹn pọ́ńpù tí wọ́n ń rì sínú bóhóòlù, agbára èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa jẹ́ 1HP. Ẹ kà á sí nǹkan bí yúnìtì kan fún wákàtí kan, kó má baà kéré. Bẹ́ ẹ bá ń fa omi wákàtí méjì lójúmọ́, yúnìtì 60 lóṣù nìyẹn. Fúláàtì mẹ́fà ní ₦3,000 jẹ́ ₦18,000. Ẹ pín in: ₦300 lórí yúnìtì kan. Ẹ wá wo iye tẹ́ ẹ̀ ń ra yúnìtì sórí mítà fúláàtì yín. Kì í ṣe pé ẹ ò sanwó tó, Ìyá Ìbejì.

Bí iná bá padà, ẹ ní kí onílé tọrọ mítà alákàádì fún wáyà pọ́ńpù. Ìyẹn ni oògùn ẹ̀. Kò ní sí bíìlì, kò ní sí gbèsè, ẹ ò sì ní wá jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ gbọ́ pé ẹ jẹ owó ọdún mẹ́fà. Ẹ fi fúlóòtì sínú táǹkì kó máa pa pọ́ńpù fúnra ẹ̀ tó bá kún. Àwọn ilé kan wà tí mo dé tí omi ń dà láti orí táǹkì wá sílẹ̀ láti oru mọ́jú, owó iná ló ń ṣàn lọ yẹn. Kẹ́ ẹ tún wo àwọn ṣáláńgá olómi yín: ẹ ti gbogbo táàpù lálẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé lára táǹkì, ẹ wò ó láàárọ̀. Bó bá ti wálẹ̀, ó ń jò níbì kan.

Mo tún máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní fáàfù tirẹ̀. Bí páìpù ẹnì kan bá bẹ́, òun nìkan la máa tì.

Ìyá Wálé Ìbẹ̀ṣẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Fáàfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù. Ẹ ti fún kíátékà ní ohun tó máa fi mú ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Púlọ́ńbà Sábó (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kó wà nínú fúláàtì, lábẹ́ síńkì, kó má wà níta. Ọwọ́ ayálégbé ni yóò wà.

Ọmọ Ìgbógbó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ṣe é nílé wa, torí kò sí ìjà omi lọ́dọ̀ wa mọ́. A gba owó pọ́ńpù kúrò lọ́wọ́ kíátékà pátápátá, onílé sì fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀kọ́ eléèpo líle kan wà, ìṣó la fi kọ́ ọ sára ògiri pásééjì, bírò wà nínú okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tí oṣù bá kàn ló máa gba owó, tó máa ra yúnìtì. Yóò kọ ọjọ́ tó rà á, iye tó rà, nọ́ńbà tó wà lójú mítà kó tó fi sí i àti èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, yóò sì lẹ rìsíìtì mọ́ ojú ewé yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ lè ṣí i. Àlejò pàápàá ti kà á rí.

Orí la fi ń pín in, kì í ṣe fúláàtì. Ilé tó ní èèyàn méje ò lè san iye kan náà pẹ̀lú àpọ́n tó dá gbé. Bàbá Ọ̀dọ̀gùnyàn, mo rò pé ohun tó bí ẹni yín tí kì í sí nílé nínú nìyẹn, Sà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Bàbá Onílé Ọ̀dọ̀gùnyàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ti orí yẹn mọ́gbọ́n dání. Màá pè wọ́n jọ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí onílé fa ọwọ́ kúrò pátápátá, torí bí pọ́ńpù bá jóná, èmi ni wọ́n máa pè. Ìwé yẹn, èmi náà gbọ́dọ̀ máa rí i.

Nọ́ọ̀sì Ọwọ̀de (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ ti sọ òfin, ẹ ti sọ iná. Àwọn ìkókó méjì yẹn ló wà lọ́kàn mi.

Ìyá Ìbejì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn kan nílò omi lítà 50 sí 100 lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì méèrúwà, lítà 25 ni. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin bíi tiyín, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ nìyẹn lójúmọ́ kó tó dé ìwọ̀n tó kéré jù. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ò sí, torí náà ẹ ya omi sọ́tọ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa mu, tẹ́ ẹ máa fi po mílíìkì, tẹ́ ẹ máa fi fọ ìgò, ẹ sè é títí tó fi hó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Bí gáàsì ò bá sí, Waterguard, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, wà ní ilé oògùn, ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀, ẹ má bu ú lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, ẹ fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ bi méèrúwà níbi tó ti ń pọn ọ́n. Ẹ rọra fọ kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ọṣẹ àti iyanrìn, ẹ má sì gba kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹrosíìnì tàbí kẹ́míkà rí. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí àrùn onígbáméjì tó jà l'Ékòó ní oṣù kẹfà 2024. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ bẹ̀rẹ̀ ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) kíá, kẹ́ ẹ máa fún un lọ́mú lọ, kẹ́ ẹ sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró dọ̀la.

Ìyá Ìbejì Ágríìkì (Ọjọ́rú, 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò lè dárúkọ gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo ka gbogbo ẹ̀, mo sì kà á fún ọkọ mi.

Àwa mẹ́ta lára àwọn ayálégbé la lọ sí ẹ̀ka oníná. Wọ́n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lára òpó pọ́ńpù sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ onílé ló wà lórí ẹ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn fi ìwé ìṣirò ẹ̀ hàn wá: ẹ̀gbẹ́ kan ni bíìlì oṣooṣù, ẹ̀gbẹ́ kejì ni owó tí wọ́n san. Ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn, òdo, òdo, òdo, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ò ṣíwọ́ sísan owó pọ́ńpù. Ara mi gbọ̀n. Mo ní ẹ̀rí tèmi lọ́wọ́ torí báńkì ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i, àwọn méjì tó kù, owó ọwọ́ ni wọ́n ń fún un.

Kíátékà ò tíì mọ̀ pé a lọ. Ṣé ká kò ó lójú ni, Lọ́yà, tàbí ká kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀?

Lọ́yà Ìjẹ̀dé (Ọjọ́rú, 7:02 alẹ́)

Onílé ni. Ẹ má bá kíátékà jà, ẹ má sì pè é lólè níta, kò ní dáa kó tún padà di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, kó kúrú, kó má ní èébú nínú. Nǹkan bí èyí:

"Àwa ayálégbé fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi tó yín létí pé wọ́n ti já iná bóhóòlù láti ọjọ́ báyìí, a ò sì ní omi. Àkáǹtì náà wà lórúkọ yín. Àwa ti ń san ₦3,000 lóṣù fún aṣojú yín, ẹ̀rí owó tí a fi ránṣẹ́ wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ìwé ìṣirò tí àwọn oníná fún wa fi hàn pé wọn ò san án fún wọn. A ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dá omi padà, kẹ́ ẹ fún wa ní àkọsílẹ̀ owó wa gẹ́gẹ́ bí abala kẹwàá Òfin Ìyálégbé 2011 ṣe sọ, kẹ́ ẹ sì tọrọ mítà fún pọ́ńpù. Bí a ò bá gbọ́ láàárín ọjọ́ méje, CMC la máa gbé e lọ."

Kí gbogbo fúláàtì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú déètì. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ tún fún ẹni tó máa fi ọwọ́ gbé e fún un, kẹ́ ẹ ní kó buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín.

Ìyá Wálé Ìbẹ̀ṣẹ̀ (Ọjọ́rú, 7:30 alẹ́)

Àwọn méjì tó san owó ọwọ́ náà, kí wọ́n lọ wo WhatsApp wọn. Kíátékà á ti kọ "mo ti rí i" tàbí "ẹ ṣeun" ránṣẹ́ sí wọn nígbà kan. Ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó tó di pé ó pa á rẹ́.

Ìyá Ìbejì Ágríìkì (Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́)

Fúláàtì márùn-ún ti fọwọ́ sí i. Ẹni kẹfà ní kóun kọ́kọ́ bi ọkọ òun tó wà lọ́nà àjò, a ò fi tipá mú wọn.

Onílé pè mí lórí fóònù lẹ́yìn tó ka lẹ́tà náà. Wọ́n ní àwọn rò pé kíátékà ń san bíìlì yẹn ni, wọ́n sì ní ká má fún un lówó pọ́ńpù mọ́. Wọ́n fẹ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníná lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú lẹ́tà, kí wọ́n lè so wáyà padà. Ní ti mítà, wọ́n ní àwọn máa rò ó. Mo ní kí wọ́n bá wa kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sórí WhatsApp, wọ́n sì kọ ọ́, àyàfi ti mítà.

Títí di ọjọ́ Ajé, a ya jẹnẹrétọ̀ ọkọ fúláàtì kejì, gbogbo wa dáwó bẹntiróòlù fún un, a sì fa omi kún táǹkì lónìí. Orí la fi pín owó náà.